Ẹ má tíì pe bíríkìlà: Bí iná bátìrì ṣe ń sọ bóyá ilẹ̀ tẹ́ ẹ rà lè gbé ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni àǹtí mi kan kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà n'Ìbàdàn. Owó àjọ wà nínú rẹ̀, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà nínú rẹ̀, èrè ọjà tí wọ́n ti ń tà láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá náà wà níbẹ̀. Èrò wọn ni pé àwọn yóò lo méjì, àwọn yóò fi méjì yòókù gba owó háyà, tó bá sì yá, àwọn yóò gbé pètẹ́ẹ̀sì lé e lórí kí àwọn kúrò nílé onílé.

Ọdún àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Lọ́dún kejì ni wọ́n ṣàkíyèsí pé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti dà sọ́nà odò kékeré kan, kò fẹ́ẹ́ pa dé mọ́. Káfíńtà wá, ó fá ilẹ̀kùn náà, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó fi máa di òjò ọdún kẹta, ògiri ti là láti igun fèrèsé lọ sókè, ó ń gba ojú ibi tí wọ́n ti so búlọ́ọ̀kù pọ̀ lọ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Bíríkìlà wá, ó fi sìmẹ́ńtì dí i, ó ní kí wọ́n kùn ún lọ́dà. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó tún là. Ọmọkùnrin tó háyà ibẹ̀, tó ń tún fóònù ṣe, kó jáde. Ẹni tó gba ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò lò tó ọdún kan. Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀bù kẹta náà bẹ̀rẹ̀ sí í là, ṣùgbọ́n méjì tó wà lókè kò mira rárá, ọ̀dà tí wọ́n kùn wọ́n lọ́jọ́ kìn-ín-ní ṣì wà lára wọn.

Gbogbo wa la dá bíríkìlà lẹ́bi. Èmi gan-an sọ pé ó jí sìmẹ́ńtì kó ni. Àṣé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí àǹtí mi fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ni àṣírí tú. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá ibi tí omi wà kó ọ̀pá irin àti wáyà wọn dé, wọ́n ṣiṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè lọ́wọ́ àǹtí mi pé ṣé wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò kí wọ́n tó kọ́lé sí i. Àǹtí mi ní bẹ́ẹ̀ ni, sọ̀fíyọ̀ wọn ọ́n, òpó sọ̀fè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ti fọwọ́ sí ìwé. Ọkùnrin náà ní òun kò béèrè ẹni tó ni ilẹ̀, ohun tó wà nínú ilẹ̀ lòun ń béèrè. Ó ní lápá òkè, ilẹ̀ pupa tó le ló wà níbẹ̀, àpáta sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n lápá ìsàlẹ̀, lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó ń là yẹn, amọ̀ tó rin ló wà níbẹ̀, ó sì jinlẹ̀ ní mítà bíi mélòó kan.

Mo ti ń kọ ìròyìn okòwò láti bí ọdún mélòó kan, mo sì ti kọ nípa owó sìmẹ́ńtì àìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá omi kànga náà ni wọ́n fi ń wo ilẹ̀ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé àǹtí mi ìbá ti ṣe é ṣáájú. Oníṣòwò kékeré máa ń náwó lórí ìwé ilẹ̀, ó máa ń náwó lórí púláànù, ó máa ń fún àwọn ọmọ onílẹ̀ lówó ìpìlẹ̀ àti owó dẹ́kìn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó máa gbé gbogbo ẹrù náà, ojú lásán ló máa ń fi wò ó.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ tútù kan ibi tí iná ti ń gbé èèyàn rí mọ̀ pé omi àti iná mọwọ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ rí. Iná mànàmáná kì í fẹ́ẹ́ rìn nínú yanrìn tó gbẹ tàbí àpáta tí kò sán. Omi tó wà láàárín horo yanrìn, iyọ̀ tó wà nínú omi náà, àti amọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e kọjá. Bí èèyàn bá lè wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó, láti òkè lọ sísàlẹ̀, á lè fojú inú wo irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ kó tó gbẹ́ kòtò kankan.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun bàbàrà. Àpótí kan ni, tí kò tóbi ju báàgì ìrìnàjò lọ, pẹ̀lú bátìrì, wáyà tí wọ́n ká mọ́ igi, òòlù, téèpù ìwọnlẹ̀ àti ọ̀pá irin mẹ́rin. Wọn yóò gbá ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlẹ̀ lórí ìlà kan náà. Àwọn méjì tó wà ní ìkángun, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ni iná ń gbà wọnú ilẹ̀ tó sì ń gbà jáde. Méjì tó wà láàárín ni wọ́n fi ń wọn bí agbára iná náà ṣe yàtọ̀ láti ojú kan sí èkejì. Ẹ̀rọ yóò gbé nọ́mbà jáde, ẹnì kan yóò sì máa kọ ọ́ sínú ìwé.

Tí wọ́n bá wá fẹ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ jìnnà, ńṣe ni wọ́n máa ń sún ọ̀pá méjì ìkángun yẹn kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Bí wọ́n bá ṣe ń jìnnà síra wọn, bẹ́ẹ̀ ni iná náà ń rì wọlẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí wọn tí wọ́n ń sáré fa wáyà gba ẹ̀yìnkùlé onílé kọjá, tí wọ́n ń pariwo nọ́mbà síra wọn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àlàfo mítà 5 ló wà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì, tí ẹ̀rọ sì ka ìdíwọ́ óòmù 2. Wọn yóò sọ 5 di ìlọ́po méjì, wọn yóò fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀, wọn yóò tún fi óòmù 2 yẹn sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó máa jáde ni 62.8, wọ́n ń pè é ní óòmù-mítà. Frank Wenner, ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà tí àlàfo ọ̀pá máa ń dọ́gba yìí, ọdún 1915 ló kọ ìwé lé e lórí. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí ni ti Schlumberger, tí ọ̀pá méjì àárín kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Conrad Schlumberger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná dán ilẹ̀ wò ní Normandy lọ́dún 1912. Ẹni tó bá ní ẹbí tó ń ṣiṣẹ́ epo ní Warri tàbí Port Harcourt á ti gbọ́ orúkọ náà rí, torí òun ni iléeṣẹ́ ńlá tí òun àti àbúrò rẹ̀ dá sílẹ̀ ń jẹ́ kí wọ́n tó yí i sí SLB lọ́dún 2022. Iṣẹ́ epo, iṣẹ́ omi kànga, iṣẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ìyá kan náà ló bí wọn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà ṣe é lórí ilẹ̀ yín. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n dúró lójú kan kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀ nìkan, bí ìgbà tí èèyàn ki ọ̀pá bọ ìkòkò láti mọ ibi tí ọ̀rá parí sí àti ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni kí wọ́n to ọ̀pá lórí ìlà gígùn kan, kí kọ̀ǹpútà wá fi àwọn nọ́mbà náà ya àwòrán, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ la búrẹ́dì tí ẹ wá ń wo inú rẹ̀. Ìkejì yìí ló máa ń gbówó lórí jù, òun ló sì dára jù fún ilé, nítorí pé ohun tó ń ba ilé jẹ́ sábà máa ń wà láàárín ojú kan sí èkejì.

Ní ti nọ́mbà, ìwọ̀n kan wà tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ lápá ibi tí àpáta pọ̀ sí lọ́dọ̀ wa máa ń lò. Ibi tí nọ́mbà kò bá tó 100, amọ̀ ni wọ́n máa ń kà á sí, wọn kì í fọkàn tán an. Láti 100 dé 350, amọ̀ tó ní yanrìn nínú, ó sàn díẹ̀. Láti 350 dé 750, yanrìn tó ní amọ̀ nínú, ìyẹn dára. Ohun tó bá ju 750 lọ, yanrìn, ilẹ̀ pupa tó ti le bíi yangí, tàbí àpáta fúnra rẹ̀ ni. Ẹ má há nọ́mbà wọ̀nyí sórí lọ máa bá ẹnjiníà jà o. Òjò máa ń mú nọ́mbà wá sílẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń gbé e sókè, ibi kan sì yàtọ̀ sí ibi kejì.

ÀPÁTA TÓ Ń ṢE KỌ́LỌ́KỌ̀LỌ

Àwa tá a wà n'Ìbàdàn, Iléefẹ̀, Òṣogbo, Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì àti apá kan Abẹ́òkúta, orí àpáta la tẹ̀dó sí. Ẹ wo Olúmọ, ẹ wo àwọn òkè Ìdànrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń rò pé torí bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí èèyàn kọ́lé sí tí kò ní dúró. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àpáta náà kò tẹ́jú lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ lè gbẹ́ ilẹ̀ níhìn-ín kẹ́ ẹ kan àpáta ní mítà 2, kẹ́ ẹ sún síwájú díẹ̀ kẹ́ ẹ má sì rí i ní mítà 15. Láàárín àpáta kan sí èkejì, òkúta ti jẹrà láti ayé àwọn baba ńlá wa, ó ti di amọ̀, ilẹ̀ pupa sì bò ó lórí tó jẹ́ pé ojú kò lè rí i.

Amọ̀ yìí ni ọ̀tá ṣọ́ọ̀bù. Irú rẹ̀ kan wà tó máa ń mu omi nígbà òjò, á wú. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á sún kì. Ilé tó wà lórí rẹ̀ á máa lọ sókè sódò lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ìyẹn náà ṣì ṣeé fara dà tí gbogbo ilé bá ń lọ sókè sódò pọ̀. Ilé tó rì dọ́gba kì í fi bẹ́ẹ̀ là. Èyí tí apá kan rẹ̀ dúró lórí ohun líle tí apá kejì wà lórí ohun rírọ̀ ni ògiri rẹ̀ ń fà ya, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin àǹtí mi nìyẹn. Bíríkìlà yẹn lo ìpìlẹ̀ kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, jíjìn kan náà, fífẹ̀ kan náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ilẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. (Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí mo sọ nípa sìmẹ́ńtì.)

Ọ̀rọ̀ ẹrù náà tún wà níbẹ̀. Oníṣòwò máa ń ro pé pètẹ́ẹ̀sì nìkan ló wúwo. Ẹni tó ń ṣe omi inú ọ̀rá tó gbé táǹkì oní lítà 5,000 mẹ́rin sórí irin, nígbà tí omi bá kún un, tọ́ọ̀nù 20 ló gbé síbẹ̀, torí lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì, tó já tírélà kan oní àpò 600 sínú ṣọ́ọ̀bù, tọ́ọ̀nù 30 ló tò sórí ilẹ̀ yẹn, ó sì lè jẹ́ pé igun kan ṣoṣo ló kó gbogbo rẹ̀ sí. Ààrò búrẹ́dì tí wọ́n fi bíríkì mọ, ẹ̀rọ ìlọ̀ ńlá tó ń gbọ̀n jìgìjìgì látàárọ̀ dalẹ́, yàrá tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí, gbogbo wọn ló ń béèrè ohun tó ju ti yàrá ìsùn lọ lọ́wọ́ ilẹ̀.

TI ÈKÓ TÚN YÀTỌ̀

L'Ékòó, kò sí àpáta nítòsí. Lápá Ìkẹjà, Agége àti Ìpájà, ilẹ̀ pupa àti yanrìn ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ ọ̀sà àti òkun, ní Victoria Island, Lẹ́kí, Ajáh, àti apá kan Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta, ọ̀rọ̀ á yí padà. Yanrìn lè wà lókè, kí amọ̀ rírọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí ilẹ̀ dúdú tó kún fún ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà sínú irà láti ọjọ́ pípẹ́. Tí ẹ bá gbé ẹrù lé irú ilẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀, bí ẹni jókòó sórí kàǹrìnkàn tó rin ni, omi á máa jáde lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilé á sì máa rì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ ti máa ń rí àwọn oníṣòwò mú. Wọn á fi yanrìn dí irà, ilẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, á funfun, á wu èèyàn. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní mọ̀ pé irà ni. Ìlà wáyà kan péré á fi hàn án: nọ́mbà ńlá lókè níbi tí yanrìn gbígbẹ wà, kó tó wá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yìí ti lè tan èèyàn jẹ jù, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Omi òkun máa ń wọnú yanrìn lábẹ́ ilẹ̀ létí òkun. Yanrìn tó dára, tó lè gbé ilé, tí omi iyọ̀ bá ti wọnú rẹ̀, nọ́mbà rẹ̀ á lọ sílẹ̀ pátápátá bí ẹni pé amọ̀ ni. Ẹni tí kò gbọ́n á sọ pé ilẹ̀ náà kò dára. Ẹni tí kò gbọ́n lódì kejì á rí amọ̀, á ní omi iyọ̀ lásán ni, ẹ máa kọ́ ọ lọ.

OHUN TÍ KÒ LÈ SỌ

Ẹ̀rọ yìí kì í wọn agbára. Ó lè sọ pé ó jọ pé amọ̀ ló wà níbí, ó sì jinlẹ̀ tó báyìí, ó parí sí ibí. Kò lè sọ iye tọ́ọ̀nù tí amọ̀ náà lè gbé. Ohun tó ń sọ ìyẹn ni kí wọ́n gbẹ́ ihò, kí wọ́n bu ilẹ̀ inú rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ ti irin tó ní ẹnu ṣóńṣó wọlẹ̀, kí wọ́n wọn bí ilẹ̀ ṣe ń ta kò ó tó. Àwọn ẹnjiníà tó mọṣẹ́ máa ń da méjèèjì pọ̀ ni. Ẹ̀rọ oníná á kọ́kọ́ lọ káàkiri ilẹ̀ náà, òun ló máa sọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ihò sí, nítorí pé ihò kọ̀ọ̀kan lówó lórí. Kàkà kẹ́ ẹ gbẹ́ mẹ́fà káàkiri bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́, ẹ lè gbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta síbi tó yẹ.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé nọ́mbà óòmù-mítà nìkan tó láti fi pinnu ìpìlẹ̀ pètẹ́ẹ̀sì, ẹ sá fún un.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ló ń wó ilé lórílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí ilé alájà mọ́kànlélógún wó n'Íkòyí ní November 1, 2021, tí ó pa èèyàn tó lé ní ogójì, àti nígbà tí ilé tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì ní March 2019, ọ̀pọ̀ ìbéèrè táwọn èèyàn béèrè kò ní í ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ rárá: irin ńkọ́, sìmẹ́ńtì ńkọ́, ta ló fún wọn láṣẹ, ta ló ń mójú tó iṣẹ́ náà? Ilẹ̀ tó dára kò lè gba ilé tí wọ́n fi irin tín-ín-rín kọ́ sílẹ̀.

TÍ Ẹ BÁ FẸ́ PÈ WỌ́N

Ìgbà tó dára jù láti pè wọ́n ni kẹ́ ẹ tó san owó ilẹ̀ tán, bí ẹni tó fẹ́ tà á bá gbà. Mo mọ̀ pé kì í rọrùn, torí ẹlòmíràn wà lẹ́yìn yín tó ń náwó sí i. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó mọ fẹ́ǹsì. Irin inú fẹ́ǹsì, páìpù omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀, wáyà iná ńlá tó kọjá lókè, gbogbo wọn ló ń da nọ́mbà rú. Tí ilẹ̀ bá ti gba kọnkéré, wọ́n gbọ́dọ̀ lu ihò kí ọ̀pá tó lè kan ilẹ̀. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó le, ẹ óò rí i tí wọ́n ń da omi iyọ̀ sídìí ọ̀pá. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe ètùtù, wọ́n ń wá bí iná ṣe máa wọlẹ̀ ni.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn ni gígùn ilẹ̀. Púlọ́ọ̀tì kan l'Ékòó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jù kò ju nǹkan bíi mítà 36 lọ. Ibi tí iná lè rì dé kì í ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gígùn wáyà yẹn lọ, nítorí náà tí wọ́n bá ṣe gbogbo iṣẹ́ sínú púlọ́ọ̀tì yín, nǹkan bíi mítà 7 ni wọ́n máa rí. Fún ṣọ́ọ̀bù ilẹ̀, ó tó. Fún ilé alájà mẹ́ta létí ọ̀sà, kò tó. Wọ́n ní láti fa wáyà jáde sí ojú títì tàbí kí wọ́n bẹ aládùúgbò. Ẹni tó bá sọ fún yín pé inú púlọ́ọ̀tì kan lòun ti rí mítà 40 nísàlẹ̀, ẹ ní kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é.

Iye owó yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú, ó sì dúró lórí iye ojú tí wọ́n máa wò, ìlà mélòó ni, àti bí wọ́n ṣe máa rìn jìnnà tó. Ẹ gba iye lọ́wọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì rí i pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń dá iye lé. Ẹlòmíràn á dá owó kékeré, ojú kan ṣoṣo ló fẹ́ wò, ojú kan kò sì lè sọ fún yín pé ilẹ̀ yín pín sí méjì. Iṣẹ́ orí pápá lórí púlọ́ọ̀tì kan kì í sábà ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ má san gbogbo owó kẹ́ ẹ tó gba ìwé. Nínú ìwé náà, ẹ wá àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi tí wọ́n gbá ọ̀pá sí hàn, ẹ wá àwọn nọ́mbà tí ẹ̀rọ kà gan-an, kì í ṣe àbájáde nìkan, ẹ wá orúkọ àti nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀ ẹni tó fọwọ́ sí i.

Ìforúkọsílẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì. COMEG, tí òfin ọdún 1990 gbé kalẹ̀, ló ń forúkọ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí; COREN ló wà fún àwọn ẹnjiníà. Onímọ̀ ilẹ̀ ló máa fọwọ́ sí ohun tó rí nínú ilẹ̀, ẹnjiníà ló máa fọwọ́ sí irú ìpìlẹ̀ tẹ́ ẹ máa lò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ṣe iṣẹ́ méjèèjì àyàfi tó bá ní ìwé méjèèjì. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, FUTA l'Ákùúrẹ́ ní ẹ̀ka tó dá dúró fún iṣẹ́ yìí, Yunifásítì Ìbàdàn, OAU Iléefẹ̀ àti UNILAG náà ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ilẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà níta sì jẹ́ ọmọ tó jáde níbẹ̀. L'Ékòó, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń yẹ ohun èlò ìkọ́lé wò, Lagos State Materials Testing Laboratory, máa ń yẹ ilẹ̀ wò pẹ̀lú.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé kọ̀ńtéínà kalẹ̀ kó máa ta ohun mímu nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi owó rẹ̀ ra ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí àdúgbò tí ògiri ilé márùn-ún nínú mẹ́wàá ti là, tàbí ilẹ̀ tí iye rẹ̀ já wálẹ̀ ju ti àwọn tó yí i ká lọ láìnídìí, tàbí ibi tí odò tàbí irà wà nítòsí, tàbí tó ní in lọ́kàn láti gbé àjà kan lé e lórí lọ́jọ́ iwájú, kó má tíì pe bíríkìlà.

Àǹtí mi kò wó ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹnjiníà tí wọ́n pè gbẹ́ kòtò mẹ́ta síbi tí àwọn oníkànga sọ, ó kan ilẹ̀ líle kíákíá lápá òkè, lápá ìsàlẹ̀ amọ̀ ló bá. Ó ní pètẹ́ẹ̀sì kò gbọ́dọ̀ gorí ṣọ́ọ̀bù méjì ìsàlẹ̀ láé, ó sì ní kí wọ́n gé ògiri tó so wọ́n mọ́ méjì òkè kúrò, kí apá kọ̀ọ̀kan lè máa rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ṣe gọ́tà tó gba omi òjò kúrò lẹ́yìn ilé, torí omi ló ń bọ́ amọ̀ yẹn. Òrùlé páànù fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lórí méjì ìsàlẹ̀ báyìí, ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n ń lò wọ́n fún, ẹrù tí kò wúwo ni wọ́n sì ń kó síbẹ̀. Lórí méjì òkè, òpó pètẹ́ẹ̀sì ti jáde. Nígbà tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, àǹtí mi ní kí n bá àwọn wo ìlà kan tí wọ́n fi ẹ́dà fà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù kẹta lójú ibi tó là, tí wọ́n kọ oṣù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òjò méjì ti rọ̀ kọjá lórí rẹ̀, ìlà náà kò tíì ya.